Ọwọ́ Òfìfo Àdìgún

Ọwọ́ òfìfo Àdìgún ló sọ ogójì di irinwó. Ṣé ẹ ti gbọ́ òwe náà rí? Nínú ìdílé ìyá mi, ọjọ́ kan kì í kọjá kí ẹnìkan má pa á. Bí ọmọdé bá fẹ́ lé àbúrò rẹ̀ kúrò nídìí iṣẹ́ pé kò mọ nǹkan kan ṣe, àgbàlagbà kan á pa òwe yìí láti inú yàrá, á sì yí ẹ̀gbẹ́ padà, á máa bá oorun rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn tó ń pa á wò pé ta ni Àdìgún. Àwọn kan á ní olówó kan báyìí ni. Ẹnìkan tilẹ̀ bú mi lójú pé n kò mọ̀tàn, ó ní onídán ni Àdìgún, ó ń fi ọwọ́ lásán sọ nǹkan di púpọ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Àdìgún kò lówó, kò sì pidán kankan. Àkàrà ló fẹ́ràn.

Ìlú Abẹ́-Ọ̀pẹ ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀, níbi tí wọ́n ti bí ìyá tó bí ìyá mi. Epo pupa ni iṣẹ́ wọn níbẹ̀. Àdúgbò méjì ni ìlú náà, Òkè àti Ìsàlẹ̀, àdúgbò kọ̀ọ̀kan sì ní ẹkù tirẹ̀, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń gún ẹyìn tí wọ́n sì ti ń fún epo. Obìnrin tó bá jẹ́ olórí ẹkù ni wọ́n ń pè ní Ìyá Ẹkù. Lọ́dọọdún, bí àsìkò epo bá ti parí, àdúgbò méjèèjì á gbé epo wọn jáde sí gbangba ọjà, wọ́n á wọ̀n ọ́n lójú gbogbo ayé, ẹkù tí epo rẹ̀ bá sì pọ̀ jù ló borí. Ẹ̀bùn ibẹ̀ kì í ṣe owó, kì í sì ṣe ewúrẹ́. Orúkọ Ìyá Ẹkù tó bá borí ni wọ́n á fi pe ọdún tuntun. Bí Tinúọlá bá borí, ọdún Tinúọlá nìyẹn. Ọmọ tí wọ́n bá bí nínú rẹ̀, ilé tí wọ́n bá kọ́, ìyàwó tí wọ́n bá gbé, ọdún Tinúọlá ni wọ́n á máa wí pé ó ṣẹlẹ̀, títí ẹni tó sọ ọ́ àti ẹni tó gbọ́ ọ á fi darúgbó.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé Tinúọlá nìkan ló ń borí. Òun ni Ìyá Ẹkù Òkè, obìnrin abara ńlá tí ẹ̀rín rẹ̀ ń ti ìgboro dé oko. Ọdún méje gbáko ló fi ń borí léraléra, débi pé ọjọ́ orí àwọn ọmọdé ìlú ti dàrú pátápátá. Wọ́n á bi ọmọ kan pé, "Ọdún wo ni wọ́n bí ọ?" Á ní, "Ọdún Tinúọlá." Wọ́n á tún ní, "Èwo nínú wọn?" Ibẹ̀ ni ìjà á ti bẹ̀rẹ̀, torí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀rọ̀ sọ á láya láti sọ pé òun àti ẹni tó ń pọn òun, ọdún kan náà ni wọ́n bí àwọn.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí dùn jù ní Abẹ́-Ọ̀pẹ ni Àwẹ̀ró, Ìyá Ẹkù Ìsàlẹ̀. Kì í ṣe pé ó kórìíra Tinúọlá. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n, wọ́n jọ ń tọrọ iyọ̀ lọ́wọ́ ara wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ-ọmọ márùn-ún ni Àwẹ̀ró ti gbé jó, ọdún Tinúọlá ni wọ́n sì bí gbogbo wọn. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ àbígbẹ̀yìn lóyún sínú, ó ku díẹ̀ kó bí. Orúnkún Àwẹ̀ró fúnra rẹ̀ ti ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, ó sì ti sọ fún gbogbo ẹkù pé àsìkò yìí ni ìkẹyìn òun, òun á fi ipò náà sílẹ̀ fún àwọn tí egungun wọn ṣì le. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún náà, ó pe àwọn èèyàn rẹ̀ jọ.

"Ẹ̀yin ọmọ mi," ó ní, "ọdún kan ṣoṣo ni mo ń tọrọ. N kò ní gbé e lọ sọ́run. Ẹ̀yin náà ni màá fi í sílẹ̀ fún."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ wọ́n lára. Wọ́n gún ẹyìn lọ́dún náà bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Kí n tó lọ síwájú, ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ka epo, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ má fò ó o. Agbè ni wọ́n fi ń wọn epo. Èyí tó bá ṣẹ́kù tí kò kún agbè, ahá ni wọ́n á fi wọ̀n ọ́n, ahá mẹ́wàá ló sì ń kún agbè kan. Wọn kì í kọ nǹkan kan sílẹ̀. Èèyàn ni wọ́n fi ń kà á. Wọ́n á ri ọ̀pá kan mọ́lẹ̀ ní gbangba ọjà, èèyàn mẹ́ta á sì tò sí apá kan rẹ̀. Ẹni tó sún mọ́ ọ̀pá jù ló ń ka agbè lọ́kọ̀ọ̀kan: bí wọ́n bá da agbè kan, á na ìka kan. Bó bá di ẹlẹ́ẹ̀kẹwàá, kò ní na ìka mọ́, á di ìkúùkù, ẹnì kejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á wá na ìka kan dípò. Ìka ẹnì kejì yìí, agbè mẹ́wàá ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí tirẹ̀ náà bá pé, á di ìkúùkù, ẹnì kẹta á na ìka kan, ìyẹn sì jẹ́ ọgọ́rùn-ún agbè. Ẹni tó ń ka ahá ńkọ́? Òun nìkan ló dá dúró sí òdìkejì ọ̀pá, kí ẹnikẹ́ni má baà ka ahá mọ́ agbè. Àwọn àgbà ní ìka kò dọ́gba. Ní Abẹ́-Ọ̀pẹ, ibi tí oníka bá dúró sí ni kò jẹ́ kó dọ́gba.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹnu Yorùbá fẹ́ràn láti máa dín nǹkan kù. A kì í pẹ́ sọ pé irinwó ó dín méjì. Ìlà àwọn oníka yìí kò mọ dídín rárá. Bó bá jẹ́ irinwó ó dín méjì ni, ẹnì kẹta á na ìka mẹ́ta, ẹnì kejì á na mẹ́sàn-án, ẹnì kìíní á na mẹ́jọ: ọ̀ọ́dúnrún, àádọ́rùn-ún, àti mẹ́jọ. Bí o bá fẹ́ dín in, ilé ara rẹ ni kí o ti lọ dín in.

Bàbá Akéde ààfin ló ń ka ìlà yìí, òfin tirẹ̀ sì le. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í da epo, á fi epo sàmì sí iwájú orí àwọn tó fẹ́ dúró, torí ẹni tó bá bá ìlà bẹ̀rẹ̀ nìkan ló lè bá a parí. Lẹ́yìn náà, á lọ jókòó sẹ́yìn ẹní tí wọ́n fi ṣe ìbòjú, kò ní rí bí wọ́n ṣe ń da epo. Ìdí rẹ̀ ni pé láyé ìgbà kan, "èmi fojú mi rí i, èmi náà fojú mi rí i" ló dá ìjà sílẹ̀ tí wọ́n fi fọ́ agbè mọ́ra wọn lórí. Látìgbà náà, ìlà nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Bí Akéde bá jáde, á ka ohun tó bá bá lórí ìlà, á sì ké e ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ìpè kẹta ló ń múlẹ̀. Kò sì sí pé a fẹ́ tún epo wọ̀n, torí bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n ni wọ́n ń dà á sínú àgbá àwọn oníbàárà.

Òfin kan ló kù: ìlà kò gbọdọ̀ yọ eyín. Wọn ò gbọdọ̀ fi àlàfo sílẹ̀ láàárín ẹni méjì. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ewúrẹ́ ló fà á. Lọ́dún kan, ewúrẹ́ kan wọ àárín ìlà ó sì dúró, wọ́n wá jiyàn títí ilẹ̀ fi ń ṣú bóyá ìwo rẹ̀ méjèèjì jẹ́ ogún agbè.

Ó wá di ọjọ́ ìwọnpo. Òkè ló kọ́kọ́ wọn tirẹ̀. Nígbà tí Bàbá Akéde jáde láti ẹ̀yìn ẹní, ìka mẹ́ta ló bá lókè, ó bá mẹ́sàn-án, ó bá mẹ́jọ, ó sì bá mẹ́sàn-án lódìkejì ọ̀pá. Ó gbóhùn sókè: "Ọ̀ọ́dúnrún agbè! Àádọ́rùn-ún agbè! Agbè mẹ́jọ! Ahá mẹ́sàn-án!" Ó ké e lẹ́ẹ̀mẹta. Epo kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí ní Abẹ́-Ọ̀pẹ. Tinúọlá jó yí ọjà ká, àwọn ará Òkè sì bẹ̀rẹ̀ sí í kí àwọn aboyún pé ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún Tinúọlá ẹlẹ́ẹ̀kẹjọ. Àwẹ̀ró jókòó lórí àpótí, ó ń wo ilẹ̀. Ẹ̀rù bà á gan-an.

Ó kan Ìsàlẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi sídìí ọ̀pá láti ka agbè lọ́kọ̀ọ̀kan ni Wúràọlá, ọmọbìnrin tí ojú rẹ̀ mú. Ẹni tí wọ́n fi sípò ọgọ́rùn-ún ni Ìyá Ṣíjú, ẹni iyì tí kì í fẹ́ kí nǹkan wọ́ rárá. Láàárín àwọn méjèèjì, ní ipò mẹ́wàá, Àdìgún ló dúró síbẹ̀. Ọkùnrin sísanra ni Àdìgún, ó láwàdà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kì í bá a lára mu. Bí wọ́n bá ń gún ẹyìn, ẹ ò ní rí i. Bí oúnjẹ bá délẹ̀, òun ni yóò kọ́kọ́ kí yín ẹ kú iṣẹ́. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó lè ṣe láìráhùn ni ìdúró, ìyẹn ni wọ́n sì ṣe fi í sórí ìlà.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da epo. Wúràọlá ń na ìka, ó ń di ìkúùkù. Àdìgún ń na tirẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ìyá Ṣíjú na kan, ó na èjì, ó na ẹ̀ta. Ìyá Ṣíjú wà ní mẹ́ta, Àdìgún wà ní mẹ́sàn-án, Wúràọlá na ìka kẹjọ, wọ́n sì gbé agbè mìíràn wá. Ó na ìka kẹsàn-án. Wọ́n ti kọjá Òkè! Kí ariwo tó lè jáde lẹ́nu wọn, agbè mìíràn tún ti dé. Wúràọlá di ìkúùkù, Àdìgún di ìkúùkù, Ìyá Ṣíjú sì na ìka kẹrin pẹ̀lú gbogbo iyì tó wà lára rẹ̀. Irinwó! Àwọn ará Ìsàlẹ̀ fò sókè. Wọ́n tún da méje sí i, wọ́n fi ahá wọn èyí tó ṣẹ́kù, ó jẹ́ mẹ́fà. Epo tán.

Ayọ̀ gun Àwẹ̀ró lórí. Ó dìde láìfọwọ́ ti orúnkún, ó ń jó, ó ń dúpẹ́, ó ń kí ẹni tó mọ̀ àti ẹni tí kò mọ̀. Nínú ijó yẹn ló ti jó dé iwájú ìlà, ojú rẹ̀ sì ṣe kòńgẹ́ ìkúùkù Àdìgún.

"Àdìgún, kí lo dúró ń ṣe níbẹ̀?"

"Mo wà lórí ìlà, Ìyá."

"Ìlà wo? Ìyá Ṣíjú mú irinwó lọ́wọ́, Wúràọlá mú méje. Ìwọ ńkọ́? Ọwọ́ òfìfo lo gbé dúró bí òpó! Jọ̀ọ́, sáré lọ sílé mi, wọ́n ń fi epo tuntun dín àkàrà. Bá mi gbé agbọ̀n rẹ̀ wá. Èrò á tó kún ibí."

Ó yẹ kí Àdìgún jiyàn. Bó bá jẹ́ omi ló ní kó lọ pọn, á jiyàn dọ́la. Àmọ́ àkàrà ni. Kí Ìyá tó pa ẹnu dé, Àdìgún ti gba ẹ̀yìn ìsọ̀ alátẹ lọ.

Àlàfo ṣí sílẹ̀ lórí ìlà. Ìyá Ṣíjú wò ó, ara rẹ̀ kò gbà á. Ewúrẹ́ kan sì wà nítòsí tó ń jẹ èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ìyá Ṣíjú bá sún mọ́ Wúràọlá tímọ́tímọ́, ìka mẹ́rin rẹ̀ ṣì wà lókè. Ìlà tún dán mọ́ránmọ́rán, kò yọ eyín kankan.

Bàbá Akéde jáde láti ẹ̀yìn ẹní. Ó wo ìlà láti ọ̀pá lọ sókè, ó tún un wò. Ó gbóhùn sókè: "Ogójì agbè! Agbè méje! Ahá mẹ́fà!"

Lójú ẹsẹ̀ ni ẹ̀rín Òkè bú jáde.

"Bàbá, ẹ dákun, ẹ tún un wò!" Àwẹ̀ró sáré bọ́ síwájú. "Irinwó ni ìka Ìyá Ṣíjú! Ojú gbogbo wa ló ṣe!"

"Àwẹ̀ró, n kò bi ojú," Bàbá Akéde dáhùn. "Ìlà ni mo bi. Ẹnì kejì sí ọ̀pá, mẹ́wàá-mẹ́wàá ni ìka rẹ̀ ń jẹ́. Ìka mẹ́rin ni mo bá níbẹ̀. Ogójì ni."

Ìyá Ṣíjú fẹ́ sún padà sí àyè rẹ̀. Akéde ní kò gbọdọ̀ fi àlàfo sílẹ̀. Èèyàn bí ogún nawọ́ pé àwọn á dí i. Akéde ní àmì epo kò sí níwájú orí wọn. Ìgbà yẹn ni ó tó yé Àwẹ̀ró ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Ó káwọ́ lérí. Ọdún kan ṣoṣo tó tọrọ, tó sì ti rí gbà, òun fúnra rẹ̀ ló rán an níṣẹ́ àkàrà.

"Ẹ bá mi pe Àdìgún!" ló ń ké. "Ẹ bá mi pe Àdìgún o!"

Bàbá Akéde ké ìpè kejì: ogójì agbè, agbè méje, ahá mẹ́fà. Àṣà ni pé á mu omi díẹ̀ kó tó ké ìkẹta, kí ohùn rẹ̀ lè já gaara. Wọ́n gbé omi fún un. Lọ́jọ́ náà, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, omi pẹ́ lẹ́nu Bàbá Akéde. Ó mu díẹ̀, ó nu irùngbọ̀n. Ó tún mu díẹ̀. Ó wo inú igbá bíi pé ẹja wà níbẹ̀.

Ibẹ̀ ni Àdìgún ti yọ ní kọ̀rọ̀ ọjà. Agbọ̀n àkàrà wà lórí rẹ̀, àkàrà kan wà lẹ́nu rẹ̀, ọ̀kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò yára rárá. Àwọn ará Ìsàlẹ̀ sáré pàdé rẹ̀, wọ́n gba agbọ̀n lórí rẹ̀, wọ́n tì í gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n dé iwájú ìlà kó tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

"Ta ni ẹ tún gbé wá yìí?" ará Òkè kan pariwo. "Àdìgún, kí lo mú wá?"

"N kò mú nǹkan kan wá," Àdìgún wí nígbà tó gbé àkàrà ẹnu rẹ̀ mì. "Àyè mi ni mo fẹ́ dúró sí."

Ẹ̀rín tún sọ. Bàbá Akéde gbé igbá omi sílẹ̀, ó sún mọ́ Àdìgún, ó wo iwájú orí rẹ̀. Àmì epo ṣì ń dán níbẹ̀.

"Ẹ̀yin ará Òkè," ó ní, "ọkùnrin yìí bá ìlà bẹ̀rẹ̀, àmọ́ ó ti kúrò, ìdí nìyẹn tí mo fi ń bi yín. Ṣé ẹ gbà kó padà sórí ìlà?"

Tinúọlá ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ó fò dìde. "Ẹ dákẹ́! Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má dá a lóhùn, ẹ dákẹ́!" Ta ló máa gbọ́? Wọ́n ti ń fi ẹnu kan dáhùn pé, "A gbà! Kó wọ̀ ọ́! Òfo ló mú wá! Ẹ fi òfo kún ogójì, kí la ó rí? Ogójì náà ni!" Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ ń fọwọ́ júwe fún Àdìgún pé kó lọ dúró lẹ́yìn Ìyá Ṣíjú lọ́hùn-ún, níbi tí ìlà parí sí. Bó bá lọ síbẹ̀ ni, òótọ́ ni wọn ì bá sọ. Òfo tó dúró sẹ́yìn gbogbo ìlà kò fi nǹkan kan kún ẹnikẹ́ni. Àmọ́ bí Àdìgún ṣe ya ọ̀lẹ tó, ó mọ àyè rẹ̀.

"Ìyá Ṣíjú, ẹ dákun, ẹ sún fún mi díẹ̀."

Ìyá Ṣíjú sún. Àdìgún wọ àárín, ó mú ikùn rẹ̀ wọlé, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó sì di ìkúùkù. Ariwo Òkè dá dúró lójijì.

Kí ẹnikẹ́ni má baà rí àwáwí, Bàbá Akéde ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó dúró fún.

"Irinwó agbè," Ìyá Ṣíjú wí.

"N kò ní mẹ́wàá kankan," Àdìgún wí, "ṣùgbọ́n mo wà níbí."

"Agbè méje," Wúràọlá wí.

Láti òdìkejì ọ̀pá, ẹni tó ń ka ahá ní, "Ahá mẹ́fà."

Bàbá Akéde fa gbogbo afẹ́fẹ́ tó wà lọ́jà sínú. Ìpè kẹta yẹn, wọ́n ní àwọn tó wà lóko pàápàá gbọ́ ọ: "Irinwó agbè! Kò sí mẹ́wàá! Agbè méje! Ahá mẹ́fà! Mo ti kà á, ó ti múlẹ̀!"

Ẹ ò ní lè fọkàn ro bí ọjà náà ṣe rí. Ará Òkè kan ṣì ń jà fitafita, ó ní ahá mẹ́sàn-án àwọn kì í ṣe ẹgbẹ́ ahá mẹ́fà. Tinúọlá fúnra rẹ̀ ló dá a lóhùn: "Jókòó, jọ̀ọ́. Ahá mẹ́sàn-án rẹ kò kún agbè kan, o fẹ́ fi bá irinwó jà?" Ó wá rìn lọ bá Àwẹ̀ró, ẹ̀rín tó ń ti ìgboro dé oko ni ó ń rín bọ̀, ó sì dì mọ́ ọn.

"Ọ̀rẹ́ mi, gba ọdún rẹ," ó ní. "Ó ti rẹ orúkọ mi náà. Jẹ́ kó lọ sinmi."

Àwẹ̀ró ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ohùn rẹ̀ padà, ó yíjú sí Àdìgún, tó ṣì gbé ìkúùkù méjèèjì sókè, torí kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ó tó.

"Àdìgún, ọmọ mi, èmi ni mo lé ọ. Má bínú sí mi."

"Ẹ ò lé mi, Ìyá. Àkàrà lẹ rán mi."

Àwẹ̀ró mú ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún wálẹ̀, ó tú ìka rẹ̀. Àkàrà tó mú wá ló wà nínú rẹ̀, ó ti fún un pẹlẹbẹ, epo ń kán. Gbogbo ọjà kú fún ẹ̀rín. Àwẹ̀ró gbé odindi agbọ̀n àkàrà náà, ó nà án sí i, ó ní ọwọ́ yìí kò ní ṣófo mọ́ lónìí. Àdìgún fẹ̀yìn rìn.

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kúrò lórí ìlà, Ìyá," ó ní, "kí wọ́n má baà kà á."

Ìyàwó àbígbẹ̀yìn Àwẹ̀ró bí ọmọbìnrin kí oṣù yẹn tó tán. Ọmọ náà ni ìyá tó bí ìyá mi. Mo bá a láyé, ó ti gbó, kò ríran dáadáa mọ́, àmọ́ bí ẹnikẹ́ni bá bi í pé ọdún wo ni wọ́n bí i, ńṣe ló máa ń tún ìdí jókòó, á gbọ́rùn sókè, á ní, "Ọdún Àwẹ̀ró." Á wá máa wo ojú ẹni tó bi í. Kò sẹ́ni tó jẹ́ béèrè pé èwo nínú wọn.

Ẹ ti wá mọ̀ ọ́n báyìí. Bí ẹnìkan bá fẹ́ lé ẹlòmíràn kúrò ní àyè rẹ̀ nítorí pé kò rí ohun tó mú lọ́wọ́, bóyá àgbà tó kàn jókòó sí ẹnu ọ̀nà ni, bóyá ìyàwó ilé tí wọ́n ní kò mú owó wọlé ni, bóyá ẹnì kan láàárín ẹgbẹ́ tí kì í sọ̀rọ̀ ni, ìgbà yẹn ni àwọn àgbà máa ń pa á. Wọ́n á ní kó rọra, kó kọ́kọ́ wo àwọn tí ẹni náà dúró láàárín wọn, kó sì wo ohun tí wọ́n máa dà bí ó bá kúrò níbẹ̀. Ọwọ́ òfìfo Àdìgún ló sọ ogójì di irinwó.